Lówà áàmù ọkọ̀ oníná mi, lórí títì Ifẹ̀ sí Iléṣà

Àwa tó ń lo ọkọ̀ oníná ní agbègbè yìí kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n à ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnì kan bá pè mí pé òun fẹ́ ra ọ̀kan, ọ̀rọ̀ bátìrì ló máa ń bèèrè: ọdún mélòó ni yóò lò, níbo la ti ń ṣáàjì, ṣé iná ò ní gbé èèyàn bí òjò bá ń rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí mo ti ń wa tèmi, bátìrì kò tíì yọ mí lẹ́nu. Ẹsẹ̀ iwájú ló gba owó lọ́wọ́ mi, lówà áàmù kan báyìí, apá irin tó so ẹsẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀, tó jẹ́ irin lásán, tí wáyà kankan kò kàn. A pààrọ̀ rẹ̀, ó tún bàjẹ́ kí ọdún tó yí po, a tún pààrọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka èyí ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sì parí.

Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi wà ní Iléṣà àti àwọn ìlú kéékèèké tó wà lọ́nà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo tí kò tó ₦200 di nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, mo jókòó, mo ṣírò. Pánẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé mi, oòrùn kì í sì í béèrè owó. Mo ra ọkọ̀ oníná kékeré kan ní tòkunbọ̀ láti Èkó. Ìṣirò yẹn ṣì dúró di òní. Ohun tí mi ò fi sínú rẹ̀ ni títì.

Láti Ifẹ̀ dé Iléṣà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, ẹni tó bá sì ń gba ọ̀nà náà déédéé mọ̀ pé gígùn rẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Bí èèyàn bá ti ń sún mọ́ Òṣú, kòtò lè wà lónìí níbi tí kò sí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà òjò, omi á kún inú wọn, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé títì ni. Ọkọ̀ akẹ́rù á wà lẹ́yìn ẹni, òmíràn á máa bọ̀ níwájú, kò ní sí ibi tí èèyàn máa yà sí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó ń tẹ etí títì níbi tí ọ̀dà ti ń jẹrà, ló ń jìyà jù.

Ìró náà bẹ̀rẹ̀ lásìkò òjò. Bí mo bá tẹ ọkọ̀ kí ó gbéra, "gbì" kan á dún lábẹ́, ní apá ọ̀tún. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, "gbì" mìíràn á dáhùn. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ elépo ni, ariwo ẹ́ńjìnnì ì bá bò ó mọ́lẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Ọkọ̀ oníná kì í pariwo, nítorí náà gbogbo ohun tó bá tú lára rẹ̀ ni etí ń gbọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí rédíò gba àǹfààní yìí mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ máa pa á fún ìgbà díẹ̀ bí ẹ bá ń jáde nílé, kí ẹ fetí sílẹ̀.

Búṣì ló ń dún bẹ́ẹ̀, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí lówà áàmù ti so mọ́ férémù. Ìdí wà tó fi ń tètè gbó lára ọkọ̀ wa, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n. Bátìrì ọkọ̀ kékeré bíi tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 kìlógíráàmù, ìyẹn ni pé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà ló wà nínú ọkọ̀ kí èèyàn kankan tó wọlé. Ẹrù yẹn ló ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ já sínú gbogbo kòtò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń fà. Ẹ̀rọ oníná kì í rọra bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo agbára rẹ̀ ti dé ẹsẹ̀ iwájú. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ̀rọ kan náà á di jẹnẹrétọ̀, á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, á máa dá iná padà sínú bátìrì. A fà á síwájú, a fà á sẹ́yìn, láti àárọ̀ dalẹ́, orí rọ́bà kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Lára ọkọ̀ elépo, bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń pín iṣẹ́ ìdádúró ṣe. Lára ọkọ̀ oníná tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà níwájú, ẹsẹ̀ iwájú ló ń ru púpọ̀ nínú rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ kiri ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì nínú Ifẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ni ìró ti ń wá, ṣùgbọ́n bọ́nẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń ṣí. Bí wọ́n bá ti rí àwọn wáyà ńlá aláwọ̀ ọsàn tó wà níbẹ̀, wọ́n á rọra pa á dé.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, iná yìí kì í ṣe tiwa. Ẹ gbé e lọ Èkó."

Ẹnì kan ní kí n pe ríwáyà. Ríwáyà dé, ó kó ẹ̀rọ tó fi ń yẹ ọkọ̀ wò jáde, kò rí nǹkan kan, kò sì lè rí i, nítorí lówà áàmù kò ní ẹnu tó máa fi sọ fún kọ̀ǹpútà pé ara òun ò yá. Ẹlòmíràn ní síìtì ẹ́ńjìnnì, rọ́bà tí ẹ̀rọ jókòó lé, ló ti kú. A tiẹ̀ pààrọ̀ línkéèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìró náà wà bó ṣe wà. Owó ń lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé inú ẹ̀rọ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́. Oorun ò kun ojú mi mọ́. Gbogbo owó ilé-iṣẹ́ mi ni mo kó sí ọkọ̀ yẹn, òun náà ni mo fi ń kó pánẹ́ẹ̀lì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti san àsansílẹ̀.

Mi ò bá àwọn mẹ́káníìkì wọ̀nyẹn jà. Wáyà aláwọ̀ ọsàn yẹn tọ́ sí ìbẹ̀rù. Láàárín 350 sí 400 fólítì ni bátìrì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná kéékèèké máa ń gbé, iná tààrà ni, irú èyí tí mo ń bá ṣiṣẹ́ lórí òrùlé, mo sì mọ bí ó ṣe ń jó irin. Ẹni tí kò kọ́ ọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ohun tó dùn mí ni pé ìbẹ̀rù iná náà ràn dé ara irin tí iná ò dé rárá. Ẹni tó ti tú lówà áàmù Toyota láìmọye ìgbà á wo tèmi bí ẹni wo ejò. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.

Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀bù kan nínú Ifẹ̀ gbà láti ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn yá ni, mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìdí ìró. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ti ọ̀pá irin gígùn bọ àárín áàmù àti férémù, wọ́n fi ń wà á díẹ̀díẹ̀. Búṣì ẹ̀yìn là sílẹ̀ lójú gbogbo wa. Ẹyin irin tó wà láàárín rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, "gbì, gbì", ìró tèmi gan-an. Bí ìró bá ń dà yín láàmú, èyí ni kí ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kí ẹ tó ra ohunkóhun. Kí wọ́n di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí wọ́n mì í: bí ó bá ń mì, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé tó so áàmù mọ́ ẹsẹ̀, tàbí bẹ́rìn tí táyà fi ń yí. Kí wọ́n dì í mú lápá ọ̀tún àti òsì: bí ó bá mì níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ táì-ródì, ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ bí a bá yí ọwọ́ ọkọ̀. Kí wọ́n wá fi ọ̀pá irin wa áàmù. Iṣẹ́ tí kò gba àkókò ni, kò sì gba kọ̀ǹpútà.

Ohun méjì ni mo dá wọn dúró lé lórí lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ iṣẹ́ kan ti yí jáàkì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fẹ́ gbé e ní àárín, níbi tó tẹ́jú dáadáa. Bátìrì nibẹ̀! Ọkọ̀ elépo ni èèyàn lè máa wá irin kan nísàlẹ̀ tó máa gba jáàkì; gbogbo ìsàlẹ̀ tiwa láti iwájú dé ẹ̀yìn ni àpótí bátìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tán. Etí ẹ̀gbẹ́, lábẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ilé-iṣẹ́ fi àmì sí, ibẹ̀ nìkan ni jáàkì ń bọ́ sí. Ìkejì burú ju ìyẹn lọ. Bóòtù ẹ̀yìn kọ̀, kò yí. Ẹnì kan gbé sílíńdà gáàsì dé láti fi iná yọ́ ọ, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ọkọ̀ gbogbo. Bóòtù yẹn kò jìnnà sí iwájú àpótí bátìrì. Mo dúró sí àárín òun àti ọkọ̀, mo ní bí wọn kò bá rí ọ̀nà mìíràn, kí wọ́n dá ọkọ̀ mi padà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà, wọ́n fi òróró àti páìpù gígùn yọ ọ́.

Torí pé mo dá wọn dúró níbi méjèèjì yìí, ọkàn mi balẹ̀ pé ewu ti kọjá. Wọ́n gbé áàmù tuntun sí i. Ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń fì sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ náà gba sípánà, ó ki páìpù bọ̀ ọ́, ó mú gbogbo bóòtù le títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Wọ́n dé táyà, wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Mo wà á dé Sábó, mo padà. Kẹ́kẹ́ pa. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo fún ọmọ iṣẹ́ ní owó omi.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Kí ọyẹ́ náà tó lọ, "gbì" ti padà, ní apá kan náà.

Ṣọ́ọ̀bù ní ayédèrú ni áàmù tí mo rà. Ó ṣeé gbà gbọ́, ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ìbànújẹ́ ọjọ́ yẹn kò ṣeé fẹnu sọ, nítorí mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọkọ̀ oníná kì í ní wàhálà, wọ́n sì ti ń gbà mí gbọ́. Oníbàárà mi kan ní Iléṣà, lọ́nà tó lọ sí Òṣogbo, ló gbọ́ ìró náà nígbà tí mò ń wọ ọgbà rẹ̀. Ó ní bàbá kan wà ládùúgbò wọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan ló ń ṣe, kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Peugeot 504 ni Bàbá náà fi kọ́ṣẹ́, láyé ìgbà tí wọ́n ń to ọkọ̀ náà ní Kàdúná.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ̀ oníná ni o, kí n tètè sọ fún un yín."

Ó ní, "Ṣé ó lẹ́sẹ̀?"

"Ó lẹ́sẹ̀, Bàbá."

"Gbé e wọlé."

Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè níbi tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n ki ìdúró irin sábẹ́ rẹ̀, Bàbá tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́, ó tan iná fóònù ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí búṣì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n wá sùn sí ẹ̀gbẹ́ òun. Rọ́bà náà kò ya lápá kan bí èyí tí kòtò fọ́. Ó ya yíká, ó tẹ̀lé ẹyin irin tó wà láàárín rẹ̀ bí ẹni fi abẹ gé e, etí ibi tó ya sì lọ́ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Rọ́bà tuntun ni lóòótọ́, ó ṣì dúdú, ó ṣì ń dán.

"Nígbà tí wọ́n ń mú bóòtù yìí le, ilẹ̀ ni ọkọ̀ wà àbí òkè?"

"Òkè ni, sà."

"Ẹsẹ̀ ń fì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Áàmù yìí kì í ṣe ayédèrú, ọmọ mi. Wọ́n ti lọ́ ọ lọ́rùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Ohun tó ṣàlàyé fún mi nìyí, mo sì ti kà á lẹ́yìn náà nínú ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Búṣì ní ẹyin irin kékeré láàárín, rọ́bà yí i ká, irin mìíràn yí rọ́bà ká lóde. Rọ́bà yẹn lẹ̀ mọ́ irin méjèèjì. Kò ń yí bí bẹ́rìn ti ń yí. Bí ẹsẹ̀ bá lọ sókè, rọ́bà á lọ́. Bí ẹsẹ̀ bá padà sí àyè rẹ̀, rọ́bà á tú. Nígbà tí a bá mú bóòtù le, ẹyin àárín á di mọ́ férémù, kò ní lè mì mọ́. Ipò tí áàmù bá wà lákòókò yẹn ni rọ́bà máa mọ̀ sí àyè ìsinmi rẹ̀ títí ayé. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ń fì sílẹ̀ la mú un le, nígbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀, áàmù á gòkè, rọ́bà á lọ́, kò sì ní tú mọ́. Lílọ́ ló máa wà tí ọkọ̀ bá dúró, lílọ́ ló máa wà lóru nígbà tí gbogbo wa bá sùn. Kòtò á wá tún lọ́ ọ sí i. Ọkọ̀ tó wúwo bíi tiwa, tó sì ń fà síwájú fà sẹ́yìn, kò ní jẹ́ kó pẹ́.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán. Àwọn wáyà ọsàn ni gbogbo wa ń ṣọ́. Mo ṣọ́ jáàkì, mo ṣọ́ gáàsì, mo dáàbò bo bátìrì bí ọmọ ìkókó. Sípánà tó ba nǹkan jẹ́ ń yí lójú gbogbo wa, ẹnikẹ́ni ò sì wò ó.

Ríra áàmù mìíràn gba sùúrù. Tọ́nà kan ní Iléṣà fẹ́ gbẹ́ búṣì Tẹ́fúlọ́ọ̀nù fún mi, ó sì wọ́n ju rọ́bà lọ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Bàbá kọ̀. Ó ní ó le jù, gbogbo ìró títì ló máa kó wọnú ọkọ̀, irin tó dì í mú ló sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹlòmíràn ní òun lè gé rọ́bà láti ara táyà àtijọ́. Mi ò tiẹ̀ dá a lóhùn. Ọjà Ládípọ̀ ní Èkó ni mo ti ra tèmi nígbẹ̀yìn, nǹkan mẹ́ta sì ni mo kó dání lọ: nọ́ńbà ṣáṣíìsì, fọ́tò áàmù àtijọ́ lórí rúlà, àti áàmù àtijọ́ fúnra rẹ̀. Ọlọ́jà kan mú ti ọkọ̀ elépo tó jọ ọ́ wá, ó ń búra pé ọ̀kan náà ni. A gbé méjèèjì lé ara wọn. Ihò bóòtù bára mu, ṣùgbọ́n ọrùn bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tirẹ̀ tín-ín-rín díẹ̀. Ká ní fọ́tò nìkan ni mo mú lọ, ǹ bá gbé e délé. Ẹ rántí pé ti ọ̀tún kì í ṣe ti òsì, ẹ sì ra bóòtù àti nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ ọn, nítorí púpọ̀ nínú nọ́ọ̀tì wọ̀nyí ló jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe wọ́n láti dì.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá ní, "Ìwọ lọ kó iná rẹ kúrò lọ́nà, èmi á ṣe irin mi." Bí a ṣe pín in nìyẹn, mo sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn níbi gbogbo.

Tèmi kò pọ̀. Mo pa ọkọ̀, mo wò ó dáadáa pé iná READY ti kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Ọkọ̀ oníná tó wà ní títàn kì í dún, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lè mọ̀, bí ẹnì kan bá sì fọwọ́ kan jíà, ẹsẹ̀ á yí. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, inú ọ́fíìsì Bàbá ni mo fi sí, mi ò fi sí àpò mi. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì kékeré 12 fólítì. Mo fi tépù pupa sàmì sí gbogbo ibi tí wáyà ọsàn gbà kọjá nítòsí, mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ jọ, mo fi hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn títí iṣẹ́ fi parí. Pípààrọ̀ lówà áàmù kò mú un dání rárá.

Kí Bàbá tó gbé ọkọ̀ sókè, ó na tépù ìwọ̀n láti àárín rímù dé etí fẹ́ńdà tó wà lókè rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye rẹ̀ sí ara fẹ́ńdà. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe nígbà náà.

Wọ́n ki òkúta sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n gbé iwájú sórí ìdúró irin, wọ́n yọ táyà, wọ́n tú ike tó bo abẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti fín òróró sí bóòtù, ó sì mọ́jú lára rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó bèèrè gáàsì. Bóòtù tó fún ọrùn bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni wọ́n kọ́kọ́ yọ. Èyí gba ọgbọ́n: ọrùn náà ní ojú tó gbẹ́ wọnú, ibẹ̀ ni bóòtù gbà kọjá, nítorí náà kò tó kí a tú u díẹ̀, yíyọ ni kí a yọ ọ́ pátápátá. Bàbá fi ṣísẹ́ẹ̀lì là á sílẹ̀ díẹ̀, ó fi ọ̀pá tẹ áàmù sílẹ̀, ó já. Kíá, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ fi okùn so ẹsẹ̀ mọ́ férémù. Bí ẹsẹ̀ bá ṣubú síta, ó lè fa ṣááfù, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ̀rọ dé táyà, yọ níbi tó ti wọ inú ẹ̀rọ, ó sì lè já wáyà tín-ín-rín tó ń ka ìyípo ẹsẹ̀ fún bíréèkì. Wáyà yẹn kì í ṣe ọsàn, ó dúdú, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń já.

Bóòtù ẹ̀yìn tó wà nítòsí bátìrì, Bàbá ki pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín kí sípánà tó bá yọ̀ má baà gbá àpótí náà.

Nígbà tí áàmù tuntun wọlé, ọmọ iṣẹ́ ti ọrùn bọ́ọ̀lù jọ́ìntì sókè, bóòtù rẹ̀ kò kọjá. Ó na ọwọ́ sí òòlù. Bàbá kàn sọ pé, "Dúró." Ọrùn náà kò tíì dé òkè tán ni. Wọ́n fi jáàkì kékeré tì í díẹ̀ sí i, bóòtù fi ìka wọlé. Ká ní ó lù ú, ojú bóòtù á ti bàjẹ́, à bá tún máa wá òmíràn.

Àwọn bóòtù búṣì méjèèjì, ìka ni wọ́n fi yí wọn dé ìdí, wọn ò mú wọn le. Ibí ni Bàbá ti pe gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi ojú wá mi. Ó gbé jáàkì sí abẹ́ áàmù, níbi bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ó fi pákó sí àárín wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e díẹ̀díẹ̀. Ó na tépù. Ó tún gbé e. Nígbà tí iye tó wà lórí tépù bá ti ṣọ́ọ̀kì ara fẹ́ńdà mu, ó dúró. Ìyẹn ni pé áàmù ti wà ní ipò tó máa wà bí ọkọ̀ bá dúró lórí ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ṣì wà lókè. Níbẹ̀ ni ó ti mú bóòtù búṣì le. Mo ti yá sípánà tó ń ka agbára lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ńlá ṣe, mo sì ti ṣí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ sílẹ̀ lórí fóònù mi. Mo ń ka iye tí wọ́n kọ fún bóòtù kọ̀ọ̀kan, Bàbá ń yí i títí sípánà fi dún "kẹ́". Ó ní òun ti ń fi apá díwọ̀n láti kékeré, ó sì dùn mọ́ ọn nígbà tí sípánà fi hàn pé apá rẹ̀ kò jìn sí òótọ́. Ó ní kí n bá òun ra irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́, nítorí apá tiwọn kò tíì mọ nǹkan kan. Mo ti rà á.

Ẹni tí kò bá lè fi jáàkì ṣe é báyìí, kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí pákó tó nípọn tàbí kó wà á sórí kòtò mẹ́káníìkì, kí gbogbo ẹrù wà lórí ẹsẹ̀, kó tó wọ abẹ́ lọ mú bóòtù le. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọkọ̀ oníná. Toyota, Honda, Peugeot, gbogbo búṣì onírọ́bà bẹ́ẹ̀ ni. Lára ọkọ̀ tiwa ni ìyà àìṣe é ti ń tètè hàn.

Lẹ́yìn rẹ̀, a lọ ṣe alignment, ìyẹn títo táyà kí wọ́n dojú kọ iwájú tààrà, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi í dọ̀la. Kí a tó tún un ṣe, táyà ọ̀tún ti jẹ lápá inú débi pé ọwọ́ ń kan wáyà rẹ̀, láti òde èèyàn kò lè mọ̀. Táyà tó ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ń fi ara gbo ilẹ̀, bátìrì ló sì ń san owó ìgbóra náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tò ó, mo ń dé Iléṣà pẹ̀lú bátìrì tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lórí títì kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pè mí pé bátìrì òun ti ń rẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo apá inú táyà wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, mo padà sọ́dọ̀ Bàbá kó tún fi sípánà kan nọ́ọ̀tì táyà, nítorí rímù máa ń jókòó sí i díẹ̀.

Òjò ti dé, ó ti tún lọ, láti ìgbà náà, búṣì ọ̀tún ṣì wà ní pípé. Bàbá ń wò ó fún mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá. Ti òsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀ létí, kò sì yà mí lẹ́nu, òun ló bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun. Mo ti ra áàmù rẹ̀, ó wà nínú páálí ní yàrá tí mò ń kó pánẹ́ẹ̀lì sí, pẹ̀lú bóòtù àti nọ́ọ̀tì tuntun. Ọmọ iṣẹ́ Bàbá tó fẹ́ fi òòlù lu bóòtù ọjọ́sí ni Bàbá ní kó ṣe é, òun á dúró tì í. Èmi á kó iná kúrò lọ́nà.